Ọmọbìnrin Abẹ́ Ọkọ̀ ní Ogida

Ẹsẹ̀ ni Akínwùmí kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ méjì ló yọ jáde láti abẹ́ ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan, lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ nínú ọgbà ilé kan ní Ogida. Ẹsẹ̀ náà pupa rẹ́súrẹ́sú, ó mọ́ tónítóní, wọ́n sì kun èékánná rẹ̀ ní àwọ̀ osùn. Wọ́n ti yọ táyà iwájú ọkọ̀ náà kan. Ìró òòlù ń ti abẹ́ rẹ̀ bọ̀ gbà-gbà-gbà, orin ìjọ sì ń bá ìró òòlù náà lọ, ohùn obìnrin ló sì ń kọ ọ́.

Akínwùmí gbàgbé ohun tó bá wá. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Òndó tó ń gbé Benin, ìwé ìpè sí ìpàdé ló fẹ́ fún Bàbá Ọláoyè, onílé. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró gbagidi nínú oòrùn, ó ń wo ẹsẹ̀ ọlọ́mọge.

“Oga, you dey block my light,” ni ohùn náà wí láti abẹ́ ọkọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” ni Akínwùmí dáhùn, ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ẹ̀n-ẹ́n, Yorùbá ni yín! Ẹ bá mi mú sípánà onínọ́ńbà mọ́kàndínlógún tó wà lórí páàlì yẹn, ẹ dákun.”

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Akínwùmí ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ó lè kọ lẹ́tà tí ọ̀gá rẹ̀ kò ní rí àṣìṣe kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ sípánà yàtọ̀ sí ọmọrogùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló mú èyí tí kì í ṣe òun. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọmọbìnrin náà fa ara rẹ̀ jáde, ó jókòó lórí ẹní, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló ba ti Akínwùmí jẹ́. Gíríìsì wà níwájú orí ọmọbìnrin náà, aṣọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ tó gbòòrò jù ú lọ ló wọ̀, síbẹ̀ Akínwùmí kò tíì rí ohun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo Benin.

“Morọ́láyọ̀ lorúkọ mi,” ni ó wí. “Mi ò lè bọ̀ yín lọ́wọ́ o. Ẹ wo bí ọwọ́ mi ṣe rí, ẹ wo bí aṣọ yín ṣe funfun.”

Akínwùmí na ọwọ́. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, òróró ọkọ̀ sì dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Títí dòní kò lè sọ ohun tó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Báńkì ni Morọ́láyọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Bàbá rẹ̀, Bàbá Ọláoyè yìí kan náà, ti ṣe mẹkáníìkì fún ọgbọ̀n ọdún ó lé ní òpópónà Ekenwan, nítòsí bárékè, níbi tó ti ń tún ọkọ̀ àwọn ṣójà ṣe, kí ẹ̀yìn tó máa dùn ún. Kò bí ọkùnrin. Morọ́láyọ̀, àkọ́bí rẹ̀, ló máa ń jókòó tì í tó bá ti ilé-ìwé dé, tó ń mú irinṣẹ́ fún un, títí ọwọ́ òun náà fi mọ iṣẹ́ náà. Kì í ṣe pé kò rí mẹkáníìkì gbé ọkọ̀ ilé wọn fún. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ náà, ó fi ohun tó ń yọ han Akínwùmí. Irin kékeré kan ni, orí rẹ̀ rí roboto, ó wà nínú ihò irin mìíràn.

“Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì nìyí,” ni ó wí. “Oríkèé ọkọ̀ ni. Òun ló so táyà mọ́ ara ọkọ̀, òun náà ló ń jẹ́ kó lè yí sọ́tùn-ún sósì. Tó bá ti jẹ, ẹ ó máa gbọ́ kò-kò-kò tí ẹ bá wọ kòtò. Tí ẹ bá gbé ọkọ̀ sókè, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í. Tó bá ń mì lọ́wọ́ yín, ó ti ń lọ nìyẹn.”

“Tí èèyàn ò bá wá pààrọ̀ rẹ̀ ńkọ́?”

“Lọ́jọ́ tó bá já, táyà á yà síta, ọkọ̀ á dojú bolẹ̀ láàárín títì. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i.”

“Àmín,” ni Akínwùmí wí, bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìwé ìpè kan ni Bàbá Ọláoyè máa ń gbà lóṣù tẹ́lẹ̀. Lóṣù yẹn, mẹ́rin ló gbà. Nígbà tí Akínwùmí mú ìkẹrin dé, baba náà yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Akọ̀wé, ṣé ìpàdé kan náà ni, àbí ẹgbẹ́ ti pọ̀ sí i?” Morọ́láyọ̀ sá wọ yàrá lọ rẹ́rìn-ín.

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Akínwùmí yóò wá jókòó lórí àpótí, yóò máa mú sípánà fún un. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jọ rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń sun bọ̀ọ̀lì létí títì, wọ́n á pín ẹyọ kan jẹ, Morọ́láyọ̀ á sì jẹ èyí tó tóbi jù.

“Èmi ni mo ṣiṣẹ́,” ni yóò wí.

“Èmi ni mo sanwó.”

“Ẹ ṣé o, olówó Benin. Ẹ fi ẹ̀pà yẹn kún un fún mi.”

Ní oṣù kẹrin tí wọ́n ti mọ ara wọn, Akínwùmí dúró níwájú géètì wọn, ó la ẹnu rẹ̀ sọ ọ́. “Morọ́láyọ̀, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ọjọ́ tí mi ò bá gbọ́ ohùn rẹ, ọjọ́ náà kì í pé.”

“Mo ti mọ̀ tipẹ́,” ni Morọ́láyọ̀ fèsì. “Ta ló ń mú ìwé ìpè mẹ́rin wá fún ìpàdé kan ṣoṣo? Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ, Akọ̀wé mi.”

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò ní àléébù. Ohun tó ń ba Akínwùmí lẹ́rù láyé kò ju ẹnu ayé lọ. Ìyá rẹ̀ nìkan ló tọ́ ọ lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú, ó ń ta aṣọ ní Oba Market, wọ́n sì jọ ń gbé ní òpópónà Ekenwan. Láti kékeré ni Akínwùmí ti ń gbọ́ ohun tí àwọn ìyá ọjà ń sọ nípa ọmọ ẹni tó gbé irú aya báyìí wálé, àti ọmọ ẹni tó gbé irú aya báyẹn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í léèrè iṣẹ́ Morọ́láyọ̀, ó ní, “Báńkì ni, Mọ́mì,” ó sì fi mọ níbẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ tí Morọ́láyọ̀ máa wá kí ìyá rẹ̀ ku ọ̀la, Akínwùmí rọra sọ fún un pé, “Ṣé wàá bá mi fọ èékánná rẹ dáadáa? Kò sì pọn dandan ká mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọkọ̀.”

Morọ́láyọ̀ wo èékánná ọwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni ó wá, ó wọ léèsì àwọ̀ ojú ọ̀run, ó mú èso dání. Òun àti Akínwùmí dúró nínú ọgbà nígbà tí Màmá, ìyá Akínwùmí, wa ọkọ̀ rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ọkọ̀ náà gba orí gọ́tà tó wà lẹ́nu géètì kọjá: kò-kò-kò. Morọ́láyọ̀ yíjú. Ó rí táyà iwájú ní ọwọ́ òsì, ó ti wọ́, kò dúró déédéé mọ́.

Màmá sọ̀ kalẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì dúró bí ìyá ọkọ ṣe ń dúró, kí wọ́n wá kí òun. Àfi bí Morọ́láyọ̀ ṣe kọjá lára rẹ̀ fìrì, tó bẹ̀rẹ̀ síwájú táyà, tó dì í mú.

“Mà, ẹ dákun, ẹ má gbé ọkọ̀ yìí jáde mọ́! Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì rẹ̀ ti fẹ́ já!”

Lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán ló tó rántí ara rẹ̀. Ó sáré kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàsán, mà.” Ṣùgbọ́n ojú Màmá ti yí padà.

“Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé yín? Táyà lo kọ́kọ́ kí, o wá kí mi lẹ́yìn táyà. Akínwùmí, ṣé báńkì lo ní ó ń ṣiṣẹ́ àbí ọgbà mẹkáníìkì?”

Ibẹ̀ gan-an ni ọkùnrin ti ń dúró. Akínwùmí kò dúró. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn kan, ó ní, “Eré ló ń bá yín ṣe, Mọ́mì. Kí ló mọ̀ nípa ọkọ̀? Báńkì ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.”

Morọ́láyọ̀ jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un, ó dúpẹ́, ó dágbére. Ẹnu géètì ló ti yíjú sí Akínwùmí, omi sì ti lé ròrò lójú rẹ̀.

“O sẹ́ mi. O sẹ́ bàbá mi náà, nítorí òun ló kọ́ mi. Ọwọ́ tó fi bọ́ mi, tó fi rán mi níléèwé, ni ojú ń tì ọ́ láti dárúkọ. Akin, mi ò lè fẹ́ ẹni tí yóò máa gbé mi pa mọ́. Má pè mí mọ́.”

Akínwùmí pè é, kò gbé e. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló lọ báyẹn. Ọkàn rẹ̀ bà jẹ́ dé ibi pé ìwé tó kọ níbi iṣẹ́ ní àṣìṣe. Ní àràárọ̀ ló ń gbọ́ tí ọkọ̀ ìyá rẹ̀ ń jáde lọ sọ́jà, kò-kò-kò. Ó bẹ Màmá kó gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Màmá ní mẹkáníìkì òun ti wò ó, ó ní gíríìsì ló ń fẹ́.

Iléyá dé, ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ní ọjọ́ Ẹtì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá àti àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ méjì máa gbé ọkọ̀ yẹn lọ sí Òndó, níbi tí ọ̀kan nínú wọn ti fẹ́ ṣe ìdúpẹ́. Mẹkáníìkì Màmá sì ti lọ ṣọdún ní Auchi.

Akínwùmí kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ bí Morọ́láyọ̀ ṣe kọ́ ọ, ó mì í. Ó mì lọ́wọ́ rẹ̀ bí eyín tó fẹ́ ká. Ó sáré lọ ra bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tuntun ní Uwelu, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ó wọ aṣọ àtijọ́, ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

Ó yọ táyà. Ó yọ pín kékeré tó di nọ́ọ̀tì mú, ó tú nọ́ọ̀tì. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù jọ́ìntì náà há sí. Ó fi òòlù lu orí irin náà fún wákàtí kan gbáko, awọ ọwọ́ rẹ̀ bó, irin náà kò mira.

Màmá jáde, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. “Akínwùmí, ìgbà wo lo di mẹkáníìkì?”

Akínwùmí jókòó sórí ilẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, síbẹ̀ ó sọ ọ́. “Mọ́mì, mo purọ́ fún yín. Morọ́láyọ̀ kò ṣeré lọ́jọ́ yẹn. Mẹkáníìkì ni bàbá rẹ̀, òun náà mọ iṣẹ́ náà dénú, òun ló kọ́ mi ní ìwọ̀nba tí mo mọ̀ yìí. Mo rò pé ẹ ó bínú, mo rò pé àwọn èèyàn á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo wá sọ ọ́ di òpùrọ́ níwájú yín. Òótọ́ ló sọ. Ọkọ̀ yìí lè pa yín.”

Màmá wo táyà tó wà nílẹ̀, ó wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó bó. Lẹ́yìn náà ó ní, “Kí lo wá ń ṣe níbí? Dìde, lọ bẹ ọmọ ọlọ́mọ.”

Kò dúró pààrọ̀ aṣọ. Ó wọ kẹ̀kẹ́ márúwá lọ sí Ogida, gíríìsì ní gbogbo ara, àwọn tó jókòó tì í sì ń sún kúrò lára rẹ̀. Bàbá Ọláoyè wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Akọ̀wé,” ni baba wí, “ìwé ìpè mìíràn ni?”

Akínwùmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Rárá, Bàbá. Mo wá tọrọ àforíjì. Mo sẹ́ ọmọ yín, mo sì sẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ yín.”

“Mo ti gbọ́. Tèmi kò le. Ẹni tó o máa bẹ ló dúró lẹ́yìn rẹ yẹn.”

Morọ́láyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́ mójú le, ṣùgbọ́n ó rí ọwọ́ Akínwùmí. “Kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?”

Akínwùmí ròyìn gbogbo rẹ̀. Nígbà tó dé ibi òòlù, Morọ́láyọ̀ fọwọ́ bo ẹnu. “O ń lu irin náà lórí? Akin! Ẹni tí kò ṣẹ̀ lo ń nà láti àárọ̀!” Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. “Nítorí àwọn tó máa wọ ọkọ̀ yẹn ni mo fi ń bọ̀ o. Kì í ṣe tìẹ.”

“Mo gbà. O ṣeun.”

Bí Morọ́láyọ̀ ṣe dé inú ọgbà wọn ní Ekenwan, ó kúnlẹ̀ fún Màmá kó tó wo ọkọ̀ rárá. “Ẹ káàsán, mà. Ẹ má bínú sí mi lọ́jọ́sí.”

“Dìde, dìde,” ni Màmá wí, kò mọ ibi tó máa gbé ojú sí. “Iṣẹ́ ń dúró dè ọ́.”

Ohun tí Morọ́láyọ̀ kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ti táyà tí wọ́n yọ sábẹ́ ọkọ̀, pé tí jáàkì bá yẹ̀, kó má baà wó lu èèyàn. Akínwùmí kò ronú kan èyí. Morọ́láyọ̀ dá nọ́ọ̀tì padà sórí irin díẹ̀, ó wá lu ẹ̀gbẹ́ irin ńlá tó gbá a mọ́ra, kò lu orí rẹ̀ rárá. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, gbàù! Ó tú. Màmá fò sẹ́yìn, ó pe Jésù.

Wọ́n jọ fi tuntun sí i. Morọ́láyọ̀ ń darí, Akínwùmí ń fún nọ́ọ̀tì pa. Ó ki pín tuntun bọ ihò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kó má lè yọ, wọ́n dá táyà padà. Morọ́láyọ̀ sọ fún Màmá pé tí wọ́n bá ti Òndó dé, kí wọ́n lọ tún ìdúró táyà ṣe.

Lẹ́yìn náà ló gbé ògbólógbòó náà sí àtẹ́lẹwọ́ Màmá. “Ẹ fi ìka kan fà á, mà.”

Màmá fà á. Orí irin náà yọ kúrò nínú ihò rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó dá wà lọ́tọ̀.

“Èyí ni mo gbé lọ sọ́jà lánàá?”

“Òun ni, mà.”

Màmá wo irin, ó wo Morọ́láyọ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. “Olúwa, o ṣeun. O ṣeun tó o fi ọmọ yìí ránṣẹ́ sí mi, bí mo tilẹ̀ lé e.” Ó di ọwọ́ dúdú Morọ́láyọ̀ mú ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. “Ọmọ mi, o kí mi lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mi ò jẹ́. Ìkíni wo ló ju kéèyàn sọ fún mi pé kí n má kú lọ? Kí ni oríkì rẹ?”

“Àbẹ̀kẹ́, mà.”

“Àbẹ̀kẹ́. O ṣeun, Àbẹ̀kẹ́. Bí o ṣe ṣe fún mi ni kí wọ́n ṣe fún ọ.”

Morọ́láyọ̀ náà ti ń sunkún.

Nígbà tí Akínwùmí sìn ín dé ojú títì, ó ní, “Ṣé o ti dárí jì mí?”

“Mo ti dárí jì ọ́. Inú mi dùn pé o sọ òótọ́ fún ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n ìdáríjì ọ̀tọ̀, ìgbéyàwó ọ̀tọ̀. Nínú ilé nìkan lo ti sọ ọ́.” Ó wọ kẹ̀kẹ́. “Mà á wá lọ́la wo àwọn nọ́ọ̀tì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó gbéra.”

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kedere. Morọ́láyọ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, nínú aṣọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀, nígbà tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì méjì dé pẹ̀lú ẹrù wọn. Màmá Títíloyè ló ṣáájú. Ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ Màmá ló ti ń ta ọjà, ohun tó bá sì fojú rí láàárọ̀, Oba Market á ti gbọ́ kó tó di ọ̀sán. Ẹnu rẹ̀ gan-an ni Akínwùmí ti ń sá fún láti kékeré.

“Akin, ta lọmọbìnrin tó wọ aṣọ mẹkáníìkì yìí?”

Morọ́láyọ̀ dá sípánà dúró lórí nọ́ọ̀tì, kò yí i mọ́, kò sì wẹ̀yìn.

Akínwùmí dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ó dìde, ó sì gbé ohùn sókè kí àwọn tó wà lójú títì pàápàá lè gbọ́. “Ẹ káàárọ̀, mà. Morọ́láyọ̀ ni, ọmọ Bàbá Ọláoyè mẹkáníìkì. Báńkì ló ń ṣiṣẹ́, mẹkáníìkì sì lòun náà. Òun ló tún ọkọ̀ yìí ṣe lánàá. Ká ní kì í ṣe òun ni, mi ò mọ ibi tí ẹ̀ bá bá ara yín lójú ọ̀nà Òndó. Òun ni mo fẹ́ fi ṣe aya, tó bá gbà mí.”

“Yéè!” ni Màmá Títíloyè pariwo, ó ju báàgì sílẹ̀. “Obìnrin ló tún un ṣe? Ọmọ, dìde kí n rí ojú rẹ!”

Morọ́láyọ̀ dìde. Ó kúnlẹ̀ fún wọn, ó sì yíjú sí Akínwùmí. “Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń tọrọ ìyàwó, Akọ̀wé? Láàárọ̀ kùtù, mi ò tíì jẹun?”

“Mi ò fẹ́ kó pẹ́ ju báyìí lọ. Ó ti pẹ́ jù tẹ́lẹ̀.”

Morọ́láyọ̀ nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Màmá Títíloyè kò mí.

“Mo gbà ọ́,” ni Morọ́láyọ̀ wí.

Ìyá Akínwùmí ti wọnú ọkọ̀, ó ti di ọwọ́ ìdarí mú, ó ń nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìborùn. “Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ ká máa lọ,” ni ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Ìdúpẹ́ ẹlòmíì ni mo fẹ́ bá wọn ṣe lọ́hùn-ún tẹ́lẹ̀. Èmi náà ti ní tèmi báyìí.”